Ẹ Má Fi Orúkọ Òkú Ṣeré: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Fíìmù Nípa Àwọn Àgbà Olórin Àtijọ́

Sí ẹ̀yin olùdarí fíìmù, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn rẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó yín ṣe é,

Atẹdùùrù ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nóòtì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú fíìmù ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé Mozart, kí wọ́n tó mọ orin rẹ̀ kan ṣoṣo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìyẹn, nítorí iṣẹ́ tí èmi ìbá fi oṣù mẹ́fà ṣe ni ẹ fi wákàtí méjì àbọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dárúkọ Antonio Salieri, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣé ẹni tó pa Mozart yẹn?" Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Salieri kò pa Mozart. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1791 ni Mozart kú sí Vienna, lẹ́ni ọdún 35, lẹ́yìn àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé ẹjọ́ kankan kò pe Salieri, ẹbí olóògbé kò sì pè é lẹ́jọ́. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Salieri ti darúgbó, tí àìsàn ti so ó mọ́ ilé ìwòsàn, tí iyè rẹ̀ ti ń ṣí, kí àhesọ tó gba ìlú kan pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Àwọn méjì tó ń tọ́jú rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ignaz Moscheles tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ wò ó lórí àìsàn, Salieri sì fi ọlá rẹ̀ búra fún un pé irọ́ ni. Dókítà kan ní Vienna kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ibà tó ń jà nílùú lákòókò náà ló pa Mozart. Gbogbo ìwé wọ̀nyí wà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ikú Salieri, Pushkin kọ eré kékeré kan ní Rọ́ṣíà níbi tí Salieri ti da májèlé sínú ife Mozart. Rimsky-Korsakov sọ eré náà di ópẹ́rà. Lọ́dún 1979, Peter Shaffer gbé eré tirẹ̀, Amadeus, jáde ní London, lọ́dún 1984 Milos Forman sì sọ ọ́ di fíìmù tó gba Oscar mẹ́jọ. A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Salieri ti lé ní igba ọdún lójú ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ sì fún un lẹ́ṣin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹni tó jẹ́ gan-an, nítorí ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ sórí orúkọ rere nìkan. Legnago ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1750. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Florian Gassmann, olórin ààfin, ló mú un lọ sí Vienna lọ́dún 1766, tó fi í sílé, tó kọ́ ọ níṣẹ́ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nígbà tí Gassmann kú, Salieri kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lórin láìgba kọ́bọ̀, àwọn méjèèjì sì di akọrin ópẹ́rà. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí yóò mọ irú èèyàn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọ̀gá tó ti kú.

Nínú fíìmù, ó bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé òun kò ní mọ obìnrin láéláé kí Ọlọ́run lè fi orin san án fún òun. Ní ti gidi, ó fẹ́ Theresia Helferstorfer lọ́dún 1775, wọ́n sì bímọ mẹ́jọ. Nínú fíìmù, olórin tí kò lẹ́bùn ni, ó kàn mọ bí a ṣe ń tẹ́ ọba lọ́rùn. Ní ti gidi, ópẹ́rà rẹ̀ Europa riconosciuta ni wọ́n fi ṣí La Scala ní Milan lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1778, nígbà tí wọ́n sì tún ilé náà ṣe tán lọ́dún 2004, ópẹ́rà yẹn kan náà ni adarí orin Riccardo Muti tún fi ṣí i. Beethoven, Schubert àti Liszt jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Maria Theresia von Paradis, afọ́jú tó ń tẹ dùùrù káàkiri Yúróòpù, wà lára àwọn tó kọ́.

Àti òun àti Mozart náà? Wọ́n jọ ń du ipò ní ààfin, èyí kò ṣe é sẹ́. Mozart ráhùn nínú lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ pé àwọn ará Ítálì ń dí òun lọ́nà, mi ò sì fẹ́ sọ Salieri di áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1785 wọ́n jọ fi ọwọ́ sí orin kan ṣoṣo láti bá akọrin obìnrin Nancy Storace yọ̀ pé ohùn rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Orin náà sọnù títí wọ́n fi rí i ní Prague, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún ayé gbọ́ lọ́dún 2016. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1791, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méje kí Mozart kú, Mozart fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé Salieri lọ wo ópẹ́rà tuntun rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Fèrè Àràmàǹdà. Ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ pé Salieri fetí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí orin kan tí kò yìn. Lẹ́yìn tí Mozart kú tán, Constanze, opó rẹ̀, mú àbíkẹ́yìn wọn, Franz Xaver, tọ Salieri lọ pé kó kọ́ ọ lórin. Ẹ bá mi wò ó: ìyá wo ló máa fa ọmọ lé ẹni tó pa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́?

Mi ò sọ pé Amadeus kò dára. Ó dára, ibi tí ó sì dára sí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Nínú rẹ̀, Salieri arúgbó ń ṣàlàyé fún àlùfáà kan bí ó ṣe kọ́kọ́ rí ìwé orin Mozart, èyí tó kọ fún ohun èlò 13. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jọ nǹkan kan, ohun èlò ìsàlẹ̀ kàn ń lọ gbọ̀gìn gbọ̀gìn. Lẹ́yìn náà oboe wọlé lókè, nóòtì kan ṣoṣo, ó dúró lójú kan, kò mì, títí klárínẹ́ẹ̀tì fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, tó sì sọ ọ́ di adùn. Bí F. Murray Abraham, òṣèré tó ṣe Salieri, ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ la ń gbọ́ orin náà. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ lórin, n kò tíì rí ẹ̀kọ́ tó kọ́ etí bí èyí. Wọ́n fi inú ro ìran yẹn ni, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Salieri wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bu ọlá fún Mozart, ó bu ọlá fún etí Salieri, ó sì jẹ́ òótọ́ nípa orin náà. Ẹ máa ro irú èyí, ẹ rò ó títí, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Inú fíìmù kan náà ni àwíjàre ti tán fún Salieri, ohun tó sì mú kí irọ́ náà wọlé ni bí gbogbo ohun tó yí i ká ṣe jẹ́ òótọ́. Prague ni Forman ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì wọ inú tíátà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Don Giovanni lọ́dún 1787. Aṣọ, àbẹ́là àti irun àdámọ́rí ti ìgbà yẹn ni wọ́n lò. Neville Marriner ló darí orin, kò sì sí nóòtì kan tí a lè bá a wí sí. Nígbà tí ojú bá ti gba aṣọ gbọ́, tí etí ti gba orin gbọ́, ọkàn á gba ẹ̀sùn ìpànìyàn gbọ́ pẹ̀lú, torí pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Shaffer fúnra rẹ̀ kò pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé ìtàn. Àwọn tó ń wò ó ní yàrá ìgbàlejò wọn ni kò gbọ́.

Àwa Yorùbá mọ ohun tí mò ń sọ yìí nílé wa. Bi ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn lónìí ta ni Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni yóò fi dá ọ lóhùn: ìkà obìnrin tó pa Adétutù ẹrúbìnrin rẹ̀ torí pé ó lóyún, tí Ààrẹ Látòósà wá ṣẹ́gun rẹ̀, tó sì gbé májèlé mu. Eré ńlá ni, mo ti kà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé kì í ṣe Ìyálóde ló pa ara rẹ̀. Látòósà ló wà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, wọ́n fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fa ọmọ tó gbà tọ́ mọ́ra, àwọn ẹrú rẹ̀ sì pa á lórí ibùsùn rẹ̀ lóru lọ́dún 1874. Johnson náà kọ ìkà rẹ̀, Ìṣọ̀lá kò ro ìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé eré fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ta á sílẹ̀. Ní Vienna, eré fi ẹ̀jẹ̀ sọ́wọ́ aláìṣẹ̀. Nílé lóko, ẹni tó ti kú ló jẹ gbèsè ìdùnnú àwa tó ń wòran. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lánlé Awẹ́ ti kọ ìwé láti tún ọ̀rọ̀ Ìyálóde sọ, àmọ́ mélòó ló ka ìwé Awẹ́ lára àwọn tó ti wo Ẹfúnṣetán?

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé òtítọ́ tí ẹ jù nù sábà máa ń lágbára ju ohun tí ẹ fi dípò rẹ̀ lọ. Ẹ wo orin òkú Mozart, Requiem. Ní Amadeus, Salieri ló fi ìbòjú bojú wá bẹ iṣẹ́ náà, Salieri ló sì jókòó ti ibùsùn tó ń kọ ọ́ bí Mozart ṣe ń pè é. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Walsegg ló rán alárinà wá láìdárúkọ ara rẹ̀. Anna ìyàwó rẹ̀ ti kú ní oṣù Kejì ọdún 1791, ọmọ ogún ọdún ni. Walsegg fẹ́ràn orin dé ibi pé ó máa ń ra iṣẹ́ ẹlòmíràn, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, á wá jẹ́ kí àwọn olórin tó ń gbà sílé rò pé òun ló kọ ọ́. Mozart kú láìparí rẹ̀. Constanze ṣẹ́kù pẹ̀lú ọmọ méjì, àbíkẹ́yìn kò tíì pé oṣù márùn-ún, gbèsè wà nílẹ̀, ìyókù owó iṣẹ́ náà kò sì ní í wọlé tí iṣẹ́ kò bá parí. Ó fà á lé Süssmayr, ọmọ-iṣẹ́ Mozart, lọ́wọ́ láti parí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1793, Walsegg dúró síwájú àwọn olórin ní Wiener Neustadt, ó darí orin náà bí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, fún ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n sì ti ṣe é ní Vienna ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ṣáájú, kí opó Mozart lè rí owó jẹun.

Ọkọ tó ń sunkún ìyàwó rẹ̀ tọkàntọkàn tó tún ń jalè, opó tó ń purọ́ kí ọmọ rẹ̀ má bàa sun ebi, ọmọ-iṣẹ́ tó ń fi ìbẹ̀rù kọ nóòtì sábẹ́ nóòtì ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbòjú Salieri wọ́n ju èyí lọ, kò sì tó o.

Kì í ṣe Amadeus nìkan ló jẹ̀bi. Bernard Rose ṣe Immortal Beloved lọ́dún 1994, Gary Oldman ló ṣe Beethoven. Lẹ́tà ìfẹ́ kan wà tí Beethoven kọ ní oṣù Keje ọdún 1812, tí kò kọ orúkọ obìnrin tó kọ ọ́ sí. Àwọn onímọ̀ ti jà lórí rẹ̀ pẹ́: àwọn kan ní Antonie Brentano ni, àwọn kan ní Josephine Brunsvik. Fíìmù yìí ní Johanna ni, ìyàwó àbúrò Beethoven, ó sì fẹ́ ká gbà pé Beethoven ló bí Karl, ọmọ Johanna. Ẹ jẹ́ ká ro obìnrin yìí. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1815. Beethoven gbé e lọ sílé ẹjọ́ láti gba ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ náà gùn tó bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀, ó pe obìnrin náà ní onírúurú orúkọ burúkú, ó sì borí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Karl fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti fi ìbọn pa ara rẹ̀ lọ́dún 1826. Ohun tí fíìmù fi san án fún Johanna ni pé ó sọ ọ́ di olólùfẹ́ ẹni tó fìyà jẹ ẹ́, ó sọ ìjà ọmọ di ìjà ìfẹ́, ó sì ní kó dárí jì í ní ìparí. Mo bínú sí ibẹ̀ ju ibikíbi lọ. Ìyá kan tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, wọ́n tún gba ẹkún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kú.

Nípa Copying Beethoven ti ọdún 2006, gbólóhùn díẹ̀ tó. Wọ́n dá ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Anna Holtz, tó sá pamọ́ sáàárín ọ́kẹ́sírà tó ń fọwọ́ darí Beethoven tí kò gbọ́ràn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Símfónì Kẹsàn-án lọ́jọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1824. Michael Umlauf ló darí rẹ̀ ní tòótọ́. Obìnrin gidi kan sì wà lórí ìtàgé lọ́jọ́ náà, Caroline Unger, akọrin ọmọ ogún ọdún. Nígbà tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́ tí Beethoven kọ ẹ̀yìn sí wọn tí kò mọ̀, òun la gbọ́ pé ó fà á lápá, tó yí i padà kó lè fi ojú rí ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi obìnrin sínú ìtàn náà, ó ti wà níbẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù fún mi láti sọ ni ti Chevalier, tó jáde lọ́dún 2023, nítorí pé ọ̀kan lára wa ni wọ́n fẹ́ gbé ga. Joseph Bologne, Chevalier de Saint-Georges, ni wọ́n bí ní Guadeloupe lọ́dún 1745. Òyìnbó olóko ni bàbá rẹ̀. Nanon, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó wà lóko ẹrú, ni ìyá rẹ̀. Ó dàgbà sí Paris, ó mọ idà jà tó fi di pé gbogbo ìlú ń wòran rẹ̀, ó sì mọ fáyólíìnì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mozart tó ń ṣeré lórí ìtàgé. Joseph gòkè lọ bá a, wọ́n fi fáyólíìnì bá ara wọn díje, ó sì dójú ti Mozart níwájú gbogbo èèyàn. Ìdíje yẹn kò wáyé. Mo mọ̀ bó ṣe máa ń rí lára ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó bá ń wo ìran náà, èmi náà sì mọ ìdùnnú ọ̀hún lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìran náà ń sọ lábẹ́: pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ẹni ńlá àfi tó bá kọ́kọ́ lu òyìnbó ńlá. Òyìnbó náà ni òṣùwọ̀n síbẹ̀.

Òṣùwọ̀n ti Saint-Georges wà lọ́tọ̀. Láti ọdún 1773 ló ti ń darí Concert des Amateurs, ọ̀kan lára ọ́kẹ́sírà tó dáńgájíá jù ní Yúróòpù. Nígbà tó yá, ó wà níwájú ọ́kẹ́sírà Loge Olympique, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ Haydn níṣẹ́, tí Haydn fi kọ símfónì mẹ́fà tí a ń pè ní símfónì Paris lọ́dún 1785 àti 1786. Haydn, tí Mozart fúnra rẹ̀ ń pè ní bàbá! Ọmọ Nanon ló dúró síwájú àwọn olórin nígbà tí Paris kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ìbá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1776, nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ láti darí ópẹ́rà Paris, àwọn akọrin obìnrin ńlá níbẹ̀ kọ̀wé sí olorì pé iyì àwọn kò lè gbà kí àwọn wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ dúdú. Fíìmù náà kò fi ìwé yẹn pamọ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi ìdíje mìíràn bò ó mọ́lẹ̀, láàárín Joseph àti olórin Gluck, èyí tí kò sí nínú àkọsílẹ̀. Ìwé yẹn nìkan tó. Ohun tí wọ́n fi dí i lọ́nà kì í ṣe pé ẹnì kan mọṣẹ́ jù ú lọ, ìdíje sì ni fíìmù fi ṣàlàyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Saint-Georges kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú jọ fún ìjọba tuntun ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1792, tí ìjọba náà sì tún jù ú sẹ́wọ̀n. Ó kú lọ́dún 1799. Ta ni yóò ya ìyẹn fún wa?

Mo ti ń gbọ́ èsì yín. Fíìmù kì í ṣe ìwé ìtàn, wákàtí méjì kò lè gba ọgọ́ta ọdún, àwọn òkú kò sì fi ohùn wọn sílẹ̀ fún wa. Mo gbà. Ẹ kó ọdún mẹ́wàá sínú alẹ́ kan. Ẹ sọ ìránṣẹ́ mẹ́ta di ẹyọ kan. Ẹ kọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tẹ́nì kan kò gbọ́ rí. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ dà bíi fíìmù Straub àti Huillet lórí Bach ní ọdún 1968, níbi tí Gustav Leonhardt ti jókòó sídìí dùùrù, tí kámẹ́rà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fẹ́ràn rẹ̀ jọjọ. Ken Russell fi ọkọ̀ òfuurufú gbé Liszt jagun ní Lisztomania, kò sì ṣe Liszt ní nǹkan, nítorí pé ọmọdé gan-an mọ̀ pé àlá ni.

Ẹ wá wo Tous les matins du monde tí Alain Corneau ṣe lọ́dún 1991. Sainte-Colombe, olórin ilẹ̀ Faransé ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Ìtàn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu àwọn àgbà: pé inú ahéré onípákó tó kọ́ sáàárín ẹ̀ka igi ló ti ń ṣeré, àti pé Marin Marais, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, máa ń yọ́ lọ sábẹ́ ahéré náà láti jí àṣà ọwọ́ rẹ̀ gbọ́. Corneau àti Pascal Quignard mú ìtàn kékeré yẹn, wọ́n fi ìyàwó tó kú, ọmọbìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ àti ìbínú àgbà yí i ká, Jordi Savall sì fi orin sí i lẹ́mìí. Èrò inú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sí òkú kan tó lè dìde bá wọn ṣẹjọ́. Ibi tí àkọsílẹ̀ ti dákẹ́ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ tí mò ń bẹ̀ yín kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn: níbi tí àkọsílẹ̀ bá ti dákẹ́, oko yín ni, níbi tó bá ti sọ̀rọ̀, ẹ lè gé e kúrú, ẹ lè tò ó bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀ lọ́rùn, ẹ má sì gba ohun tí òkú fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti fi fún ẹni tí ẹ dá sílẹ̀.

Ohun méjì péré ni mo ń tọrọ. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ìtàn orin wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí ẹ ń kọ eré, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń kọ́ òṣèré bí ó ṣe máa fi ìka sórí okùn fáyólíìnì. Ẹ ń náwó ńlá kí ìka lè bá nóòtì mu. Ẹ náwó díẹ̀ kí ẹ̀sùn lè bá ẹlẹ́ṣẹ̀ mu. Èkejì, kí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní ìparí, ẹ kọ ọ́ gbangba, ní lẹ́tà tó ṣe é kà: ẹni báyìí kò sí láyé rí, ẹni báyìí kò ṣe ohun tí ẹ rí, ohun báyìí ló ṣẹlẹ̀. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú kan yẹn ì bá ti gba Salieri là lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Mò ń sọ èyí torí pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kan ilé wa. Mo gbàgbọ́ pé ẹnì kan yóò ṣe fíìmù nípa Samuel Coleridge-Taylor, tí wọ́n bí ní London lọ́dún 1875, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Sàró. Ó ta orin Hiawatha rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé ní gíníì 15 péré, wọ́n tà á káàkiri ayé, ó sì kú lẹ́ni ọdún 37 láìrí èrè rẹ̀. Ní ọdún 1905, ó fi orin kan láti ilẹ̀ wa, Olóba, sínú ìwé orin dùùrù rẹ̀. Victoria Randle ti Èkó ló fún un ní ohùn náà, ọmọ Sarah Forbes Bonetta tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn. Ẹ má wá alátakò òyìnbó kankan fún un o. Ẹ fi ìwé àdéhùn gíníì 15 yẹn hàn wá, kí ẹ jẹ́ kí a rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fọwọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí a gbọ́ Olóba.

Ẹnì kan yóò sì ṣe ti Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí lọ́dún 1905, tó kọ́ dùùrù lábẹ́ Èkúndayọ̀ Phillips ní Èkó, tó ń lu jáàsì ní ilé fàájì London, tó tún ń tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ẹni yìí mọ iṣẹ́ yín látinú: nígbà ogun, òun ni olùdámọ̀ràn lórí orin fún ẹ̀ka fíìmù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún àwọn ilẹ̀ àmúnisìn. Ó kọ símfónì fún òmìnira wa lọ́dún 1960, ó sì kú sí Ohio lọ́dún 1987. Bí àwọn tó kọ́ lórin kan bá ṣì wà láyé, ẹ tètè lọ bá wọn. Bí ẹ bá sì nílò ẹni tí yóò tẹ Ọ̀yígíyigì rẹ̀ lórí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe wà nínú ìwé, nóòtì sí nóòtì, ẹ ránṣẹ́ pè mí, mi ò ní gba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹdùùrù kan, olùkọ́ orin